Ibi Jẹ́jẹ́ Nínú Orin Alẹ́

Orin tí Japheth fún Louisa, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, kì í ṣe irú èyí tó ń fún àwọn ọmọkùnrin. Japheth ló ń tẹ ọ́gáànì ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan nítòsí Mápó nígbà náà. Ó ní dùùrù ńlá kan ní pálọ̀ òkè ilé rẹ̀ ní Àrẹ̀mọ, èyí tó rà lọ́wọ́ míṣọ́nnárì kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọkùnrin inú ẹgbẹ́ akọrin á gun àtẹ̀gùn wá, Japheth á sì máa kọ́ wọn ní àwọn orin tó ń dún gbàmùgbàmù, tí gíláàsì ojú fèrèsé á máa gbọ̀n. Nígbà tó kan Louisa, ó ṣí ìwé orin dé ibì kan, ó na ìka sí i.

"Èyí ni tìẹ. Orin alẹ́ ni wọ́n ń pè é. Orin obìnrin ni, kò ní ariwo nínú."

Òyìnbó kan ló kọ ọ́ ní Yúróòpù láyé àtijọ́. Louisa gbà á láìjiyàn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi rí i pé orin obìnrin yìí le ju ti àwọn ọmọkùnrin lọ. Ọwọ́ òsì ní láti máa lọ máa bọ̀ láìsinmi bí ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn, kò sì gbọ́dọ̀ bo ohùn ọwọ́ ọ̀tún mọ́lẹ̀. Ní àárín orin náà, ibì kan wà tí ohùn máa ń kéré, tí á tún kéré sí i, títí tó fi máa kù díẹ̀ kó kú. Síbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kú. Bí ìka bá fúyẹ́ jù, eyín dùùrù á wọlé, kò sì ní í dún. Bí ìka bá wúwo jù, á pariwo, gbogbo rẹ̀ á sì bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ibẹ̀ dáadáa gbọ́dọ̀ fi èjìká àti ẹ̀yìn gbé apá dúró, bí ẹni tó gbé igbá omi tó kún dẹ́múdẹ́mú sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn tí Louisa bá tẹ ibi jẹ́jẹ́ náà tán, òógùn á ti bo ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá rẹ̀ á ní, "Ó dùn. Ó rọ̀ bíi ti obìnrin." Kò rí òógùn náà rí.

Louisa dàgbà, ó di olùkọ́ dùùrù, ó sì tún gba ipò bàbá rẹ̀ nídìí ọ́gáànì lẹ́yìn tí Japheth kú. Ó fẹ́ Obed, olùkọ́ ìṣirò, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kò mọ nǹkan kan nípa orin. Wọ́n bí ọmọ kan, Ìkẹ́olúwa, tó ti wà ní yunifásítì ní Ìlọrin báyìí. Inú ilé Àrẹ̀mọ náà ni wọ́n ń gbé. Ariwo kò jìnnà síbẹ̀ rárá: Sàídì tó ń jó irin pọ̀ nísàlẹ̀ ilé, àwọn ọ̀kadà tó ń gba ibẹ̀ lọ sí Bẹ́ẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ láti Ọjà'ba pẹ̀lú ẹrù lórí. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo wọn sá wọlé, Louisa á lọ síbi dùùrù, á tẹ orin alẹ́ náà. Obed á pa bírò rẹ̀ tì. Tí ó bá dé ibi jẹ́jẹ́, Obed kì í mí. Louisa máa ń mọ̀.

Nínú ọyẹ́ ọdún kan ni ó fọwọ́ kan kókó líle kan ní ọmú rẹ̀ òsì nígbà tó ń wẹ̀. Kò fi pamọ́, kò sì fi falẹ̀. Ó sọ fún Obed láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n sì jọ lọ sí ọsibítù. Jẹjẹrẹ ni. Dókítà tó bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́ obìnrin, kò tíì dàgbà púpọ̀. Ó ní àwọn máa gé ọmú náà kúrò, àwọn á sì yọ àwọn kókó kéékèèké tó wà ní abíyá, torí àìsàn náà ti dé ibẹ̀.

"Ṣé màá ṣì lè tẹ dùùrù?" Louisa bi í.

Dókítà náà wo Obed kó tó dáhùn. "Ẹ máa lè lo ọwọ́ yín, Mà. Ó kàn lè máa wú ni. Oògùn tí a máa fún yín lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà sì lè mú kí orí ìka kú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí i pé ẹ wà láàyè ná."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Louisa wí. "Mo gbọ́."

Gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n fa oògùn sí i lára, irun rẹ̀ re, ẹnu rẹ̀ korò, kò lè jẹ ohunkóhun àfi ẹ̀kọ tútù. Nígbà tó fi máa di òjò ọdún kejì, dókítà sọ pé àwọn kò rí jẹjẹrẹ náà mọ́. Obed kúnlẹ̀ nínú ọgbà ọsibítù níbẹ̀, ó ń dúpẹ́, àwọn èèyàn sì ń wò ó.

Apá òsì Louisa wú láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Wíwú náà kò lọ sílẹ̀ mọ́. Orí àwọn ìka rẹ̀, tòsì tọ̀tún, dà bí ẹni pé ó wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn sí wọn. Bí ó bá fọwọ́ kan aṣọ, ojú ló fi ń mọ irú aṣọ tó jẹ́. Láràárọ̀, Obed ní láti bá a wọ ohun kan bí ìbọ̀sẹ̀ gígùn sí apá náà kó má bàa wú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obed kì í ráhùn, ṣùgbọ́n ojú fèrèsé ló máa ń wò bó ṣe ń fa aṣọ náà gòkè.

"Dádì Ìkẹ́, ẹ wò mí," ni Louisa sọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò tíì wọ bùláòsì.

"Mò ń wò ọ́."

Obed wo ojú rẹ̀. Ó wò ó pẹ̀lú ìfẹ́, kò sì jẹ́ kí ojú òun yẹ̀ sílẹ̀ kọjá àgbọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé bùláòsì náà lé e lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú tí Louisa padà sídìí ọ́gáànì, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Ó tẹ gbogbo orin ìsìn, kò ṣì wọ́n, torí orin ìsìn kò bèèrè ju kí èèyàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ. Ohùn ọ́gáànì náà ń lu òrùlé. Lẹ́yìn ìsìn, Màmá Bọ́lánlé, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá, dì mọ́ ọn.

"Louisa, o lágbára! O tún wá ń tẹ̀ ẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Akin obìnrin ni ọ́!"

Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Louisa ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́. Bó ṣe ń lọ sílé, tó ń fi apá ọ̀tún di apá òsì mú, ó ń rò ó pé ohun tí wọ́n ń pè ní agbára yìí gan-an ni ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí agbára ti lọ. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ọ́ fún.

Òjò rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ náà. Obed ń máàkì ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ lórí tábìlì. Louisa jókòó, ó tẹ orin alẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó parí, Obed gbójú sókè.

"Mọ́mì Ìkẹ́, kí ló dé tí o kì í tẹ orin yẹn mọ́?"

"Orin wo?"

"Èyí tó o máa ń tẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn."

Louisa wo àwọn eyín dùùrù náà, funfun àti dúdú.

"Mo ti gbàgbé ẹ̀," ni ó wí.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni Ìyanuolúwa dé. Ọmọbìnrin kan láti Òkè Padre ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama, ó ti gbọ́ Louisa nígbà tó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gun àtẹ̀gùn wá, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, mo fẹ́ kí ẹ kọ́ mi. Mo fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́ bíi tiyín."

Louisa fẹ́ sọ pé òun kì í gba ọmọ tuntun mọ́. Ṣùgbọ́n ó ní kó jókòó kó tẹ ohun tó bá mọ̀, ọmọ náà sì tẹ orin kékeré kan tó fi etí kọ́. Ìka rẹ̀ gùn, etí rẹ̀ mú. Louisa ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tí àwọn òbí wọn fi ipá mú wá, tí wọ́n ń wo aago ara ògiri. Kò tíì rí irú eléyìí. Ó gbà á.

Ìyanuolúwa ń wá fẹ́rẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́. Ohun tí àwọn yòókù ń fi ọdún púpọ̀ kọ́, ó ń mọ̀ ọ́n kíákíá. Ó di ẹni tó ń bá wọn jẹun, tó ń bá Louisa fọ aṣọ tí apá rẹ̀ kò lè fún mọ́. Nígbà tó ní òun fẹ́ lọ ṣe ìdánwò àtiwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ orin kan ní Èkó, Louisa ṣí ìwé bàbá rẹ̀ dé ibi orin alẹ́ náà.

"Èyí ni wàá fi ṣe é."

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ dùùrù ni pé olùkọ́ á tẹ̀ ẹ́, ọmọ á wò ó, á sì tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ lé e. Louisa ń tẹ̀ ẹ́ fún un. Nígbà tí wọ́n bá dé ibi jẹ́jẹ́, ó máa ń sọ pé, "Má wo ọwọ́ mi níbí. Ẹnu mi ni kó o gbọ́. Ó ní láti kéré ju báyìí lọ."

"Bí ó ṣe kéré tó, Mà?"

"Bí ìgbà tí ẹni tó ń sùn bá ń mí."

Ìyanuolúwa á mi orí, á tẹ̀ ẹ́. Louisa á ní kó dín in kù, ọmọ náà á dín in kù, ṣùgbọ́n líle tó wà lórí ìka náà kò lọ, ó kàn ń fara pa mọ́ ni. Louisa ní kó lọ máa gbọ́ àwọn tó ń tẹ irú orin bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Ìyanuolúwa gbọ́ wọn, ó ní gbogbo wọn ń dún bí ẹni tó wà nínú ilé kejì, òun kò sì mọ ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe. Ó ní tiwọn kò dùn mọ́ òun tó ti Mà. Louisa rò pé bó pẹ́ bó yá, ọ̀rọ̀ ẹnu òun á wọ̀ ọ́ lára. Kí ni ì bá tún ṣe?

Ọmọ náà lọ sí Èkó. Ó padà dé ní ọjọ́ kejì, ó ti ibùdókọ̀ wá tààrà, báàgì rẹ̀ ṣì wà ní èjìká. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Wọn ò mú mi, Mà."

"Jókòó. Ṣé o ṣì í ni?"

"Mi ò ṣì í. Mo tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́." Ó nu imú. "Mà, ẹ má bínú. Àgbà obìnrin kan wà lára àwọn tó ń gbọ́ wa. Ó dá mi dúró nígbà tí mo dé àárín. Ó ní mò ń lu dùùrù bí ẹni tó ń bá a jà. Ó ní níbi tó yẹ kí ohùn ti kéré, irin ló wà lọ́wọ́ mi. Ó wá bi mí pé ta ló kọ́ mi báyìí."

"Kí lo wí?"

"Mo ní mo fi ara mi kọ́ ọ ni." Ó bú sẹ́kún. "Irọ́ ni wọ́n ń pa, Mà. Gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni mo tẹ̀ ẹ́. Mo ti wo ọwọ́ yín dáadáa."

Louisa ti rò pé òun nìkan ni àìsàn náà gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ̀ pé ojoojúmọ́ ni òun ń gbé e fún ọmọ yìí, pẹ̀lú sùúrù, pẹ̀lú ìfẹ́, títí ọmọ náà fi mọ̀ ọ́n dunjú. Ìka Ìyanuolúwa yè, ara rẹ̀ le, kò sí ohun tó ṣe é. Síbẹ̀ bí ẹni tí orí ìka rẹ̀ kú ló ń tẹ dùùrù.

"Òótọ́ ni wọ́n sọ," Louisa wí. "Ọwọ́ mi ni. Kì í ṣe tìẹ."

"Rárá o, Mà."

"Gbọ́ mi. Kí wọ́n tó gé mi lọ́mú, mo máa ń tẹ ibẹ̀ dáadáa. Ìwọ ò gbọ́ ọ rí. Ohun tí o gbọ́ ni èyí tí àìsàn fi sílẹ̀."

Ọmọ náà tẹjú mọ́ ọn, kò fẹ́ gbà á gbọ́. Louisa fà á mọ́ra lórí àga gígùn. Ó rò pé bí dùùrù kò bá lè sọ ọ́, bóyá ara èèyàn á lè sọ ọ́.

"Na apá ẹ sí mi."

Ìyanuolúwa na apá. Louisa gbé ìka rẹ̀ lé e, ó pa ojú dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ibi jẹ́jẹ́ náà sí ara ọmọ náà. Ó gbọ́ ọ nínú orí rẹ̀ kedere, bó ṣe wà nígbà tí ara rẹ̀ dá: ohùn náà ń kéré, ó ń kéré, kò kú. Ó rò pé òun ti rí i padà.

"Báyìí ni," ó ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ṣé o mọ̀ ọ́n lára? Báyìí ló ṣe kéré tó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Ohùn ọmọ náà kò dún bó ṣe yẹ. Louisa la ojú. Ìyanuolúwa ti fi eyín di ètè ìsàlẹ̀ mú, ojú ìka Louisa sì ti jin sí ara apá rẹ̀.

"Ṣé ó ń dùn ọ́ ni?"

Ọmọ náà tún na apá náà sún mọ́ ọn.

"Ìyanu, mo ní ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Díẹ̀, Mà."

Louisa gbé ọwọ́ kúrò. Ó gbé méjèèjì lé itan, ó ń wò wọ́n.

Ọ̀gbẹ́ni Ọládèjì kan wà ní Bódìjà tó kọ́ dùùrù ní òkè òkun, tó sì ń gba ọmọ díẹ̀díẹ̀. Louisa pè é lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bẹ̀ ẹ́ kó gba ọmọ náà. Nígbà tó sọ ọ́ fún Ìyanuolúwa, ọmọ náà wólẹ̀ ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ní òun kò lọ, òun kò fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan mọ́, orin ìsìn ni kí Mà máa kọ́ òun. Louisa jẹ́ kó sunkún tán.

"Tí o bá ń wá síbí, ọwọ́ ẹ ò ní í bọ́ lọ́wọ́ tèmi. Èmi ni mo ń sọ ọ́. Má wá mọ́. Títí Ọ̀gbẹ́ni Ọládèjì fi máa sọ pé o ti mọ̀ ọ́n, má fẹsẹ̀ kan ilé yìí."

"Ẹ ń lé mi, Mà?"

"Mò ń lé ọ."

Ó gbé ìwé orin bàbá rẹ̀ fún un. Ìyanuolúwa sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Louisa sì dúró lójú fèrèsé títí ọmọ náà fi kọ́nà sí apá Oríta-mẹ́rin, kò rí i mọ́. Ó padà wá jókòó. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ó ní kí àwọn ọmọ yòókù máa lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ara òun kò yá. Àwọn òbí wọn kò jiyàn. Dùùrù kò dún nínú ilé náà mọ́. Ní ọjọ́ Àìkú, ó ń lọ tẹ ọ́gáànì, wọ́n sì ń yìn ín.

Ọ̀sán Sátidé kan, tí òtútù ọyẹ́ ti ń bọ̀, ni fóònù dún.

"Mà! Ọ̀gá ní mo ti rí i. Lánàá ló sọ ọ́, ó ní, 'Òun nìyẹn.' Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo máa gbé fóònù sórí dùùrù báyìí. Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí."

Obed pa tẹlifíṣọ̀n. Louisa tẹ fóònù mọ́ etí. Orin alẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti mọ̀ pé ọwọ́ náà ti yí padà: ọwọ́ òsì ń lọ ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ọwọ́ ọ̀tún sì ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ láìyára. Louisa gbé ọwọ́ bo apá òsì àyà rẹ̀ tó tẹ́jú. Orin náà dé àárín. Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Ó kéré sí i.

Lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó yọ fóònù kúrò létí, ó wò ó. Kò já, ìṣẹ́jú ṣì ń kà lójú rẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí títí yẹtí rẹ̀ fi ń gún un. Fóònù náà kò ka ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ sí ohùn. Ó ti gé e kúrò pátápátá, kò tilẹ̀ fi ariwo afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀. Louisa di èémí mú. Ó mọ gbogbo orin náà lórí, ó ń kà á lọ nínú ara rẹ̀, ó mọ ibi tí ọmọ náà máa dé báyìí, ó mọ ìgbà tó ń kọjá. Nígbà tó yá, ohùn tún bú jáde lójijì, láti ibi tó ti ń le padà, ó sì ń dún lọ títí ó fi parí.

"Mà?" Ìyanuolúwa ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ibi jẹ́jẹ́ yẹn, ṣé bó ṣe máa ń rí lọ́wọ́ yín nìyẹn?"

"Bó ṣe rí nìyẹn," ni Louisa wí. "Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn."

Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́. Ó ní òun á tún lọ sí Èkó ní oṣù tó ń bọ̀. Louisa súre fún un, ó sì pa fóònù.

"Báwo ló ṣe tẹ̀ ẹ́?" Obed bi í.

"Mi ò mọ̀."

Obed wá jókòó tì í, ó gbé apá òsì rẹ̀ lé itan ara rẹ̀, ó bọ́ aṣọ tó fún mọ́ ọn náà kúrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ra á bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ ọ, láti orí ìka lọ sókè. Louisa ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ojú ló fi mọ̀ pé Obed ti mú ìka òun dání, ó sì ń fi àtàǹpàkò rẹ̀ rọra pa á lórí.